Ẹja Mẹ́jọ Tí Ilésanmí Fi Sí Ìkáwọ́ Mi

Òkè-Pósù, Ẹpẹ́
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2025

Làtíìfù, ọmọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún ńkọ́? Nusaybah ọmọ rẹ ńkọ́, ní Lewisham? Àwa náà ń bẹ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀sà sì ti kún dé ìdí ilé Bàbá wa àtijọ́.

Lẹ́tà rẹ tí Àmínát aládùúgbò wa mú wá láti London, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ kí n tó kà á tán. Kì í ṣe pé ìkọ̀wé rẹ burú nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó burú. Awò ojú mi ni ó fọ́. Ìgbà kẹta rèé tí mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ra òmíràn fún mi. Ìgbà àkọ́kọ́, o fi ṣokoléètì ránṣẹ́. Ìgbà kejì, fìlà òtútù tí ó ní ìrù lórí. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, mo dé fìlà onírù, nítorí pé àbúrò mi ni ó rà á.

Má sì sọ pé kí n máa pè ọ́. Mo ti wí tẹ́lẹ̀: fóònù wà fún òkú àti ìkómọ. Ọ̀rọ̀ tó kù, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o má baà sẹ́ ẹ lọ́la.

Mo gbọ́ pé ìwọ ni o fi ọwọ́ ara rẹ gbẹ́ adágún ẹja fún Ilésanmí ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Forest Hill, tí o sì bá a yan ẹja kói mẹ́jọ, ẹja ọ̀ṣọ́ tí a kì í jẹ, sínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ṣe sàárà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹja tìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kọjá. Má wádìí rẹ̀ mọ́. Mo ní, má wádìí rẹ̀ mọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ríran,
Kúbúrá

Peckham
Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Kejìlá, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi, Alájà Kúbúrá, Tíṣà Àgbà, Onífìlà-onírù,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ má sọ pé ẹ ò rí mi, awò yín wà nínú àpò tí ẹni tó gbé lẹ́tà yìí gbé dání. Ẹ fi sójú, ẹ ó rẹwà bí ọmọge. Pọ́n-ùn kan gbáko ni mo rà á ní ọjà Rye Lane, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo láhun.

Ẹni tí ó gbé e wá ni Ilésanmí fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ lọ ṣe Kérésìmesì ní Iléṣà, ó ní lẹ́yìn ọdún tuntun òun á yà kí yín. Ẹ fún un ní àga. Ẹ fún un ní omi tútù. Kí ẹ wá rọra ka èyí tó kù sínú, kí ẹ máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé mo ń kí yín ni, torí ikú ẹja rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá láti London. Òun gan-an ni ó lẹ àpò ìwé náà, ó ní ẹnu mi ti gbẹ jù.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí inú lè bí yín bí ó ṣe ń bí mi. Oṣù kìíní ọdún yìí, tí mo sáré wálé wá bá yín sin ọkọ yín, ta ni mo fi ẹja mi lé lọ́wọ́? Ilésanmí. Ọdún méjìdínlógún ni a jọ fi fọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì, òun ní ìsàlẹ̀, èmi ní òkè. Mo kọ òfin mẹ́ta sára fíríìjì fún un. Má fún wọn ní oúnjẹ, bó ti wù kí wọ́n wò ọ́ tó. Bí omi bá dì, má fi òòlù fọ́ yìnyín. Gbé ìkòkò omi gbígbóná lé e kí ó yọ́ ihò, kí wọ́n lè mí. Ó tán. Ẹja kói kì í jẹun nígbà òtútù, ikùn wọn a máa sùn. Oúnjẹ tó bá wọlé á rà síbẹ̀, á sì pa wọ́n.

Mo padà dé ní ìparí oṣù kejì. Méje ni mo ní. Méjèèje ni ó kú.

Ẹ mọ Arẹwà nínú wọn. Ràfíátù ìyàwó mi ni ó rà á, ní ọdún tí dókítà sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún wa. Funfun ni, ó ní àmì pupa lórí bí ẹni dé fìlà. Ọwọ́ Ràfíátù ni ó ti ń jẹun. Nígbà tí Ràfíátù lọ, ó wá ń jẹun lọ́wọ́ mi. Bí ó bá ti fi ẹnu kan àtàǹpàkò mi, mo máa ń sọ fún un pé, "Ìyáàfin jáde, wọ́n ń bọ̀." Ọdún mẹ́fà ni mo fi pa irọ́ yẹn fún ẹja.

Mo bi Ilésanmí pé kí ló dé. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Bàbá Nusaybah, àṣìṣe mi ni." Àṣìṣe wo? Ó dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo rí epo lójú omi, Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń dán bí ojú àwo tí wọ́n ti jẹun tán. Ó fún wọn ní oúnjẹ! Ó ka òfin mi, ó sì fún wọn ní oúnjẹ!

Ẹni tó bá bínú lójú ẹsẹ̀, ọmọdé ni. Èmi rẹ́rìn-ín. Mo bá a mu tíì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ wo ẹja. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní ọ̀nà Sydenham, gbogbo Sátidé ni a ń lọ, títí ẹja fi wọ̀ ọ́ lójú, títí ó fi ń pè wọ́n ní "àwọn ọmọ mi". Mo gbẹ́ adágún rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀, ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi. Mo ní kí ó ra mẹ́jọ, kí ó fi ọ̀kan jù mí lọ. Bí a ti ń tọ́ àgbò iléyá ni mo ṣe tọ́ ẹ̀san yìí.

Lánàá ni ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Bàbá Nusaybah, ìwọ nìkan ni mo lè fi wọ́n sílẹ̀ fún." Mo ní, "Fọkàn balẹ̀. Bí o ṣe tọ́jú tèmi ni n ó ṣe tọ́jú tìrẹ." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé òtútù ni.

Bí yìnyín bá ti dì, n ó pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà. N ó wá mú òòlù, n ó lu yìnyín bí Bàbá wa ṣe ń lu etí ọkọ̀ lórí ọ̀sà láti fi dẹ́rù ba ẹja wọ inú àwọ̀n. Ariwo yẹn, lábẹ́ yìnyín, ọkàn ẹja kò lè gbà á.

Ẹ jẹ́ kí ó mu omi rẹ̀ tán kí ó tó lọ.

Àbúrò yín tí ẹ kọ́ ní ìwé, ẹ̀bi yín ni,
Làtíìfù

Peckham
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kìíní, 2026

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún tuntun. Ẹ ò fèsì. Ṣé ẹwà tí awò yẹn bù kún yín kò jẹ́ kí ẹ rántí wa mọ́ ni?

Òtútù ti dé. Kì í ṣe òtútù tí à ń sọ fún ará ilé láti fi gba àánú o. Aṣọ tí mo sá síta lánàá le gbagidi bí pákó. Ìdúró ni mo gbé ṣòkòtò mi wọlé, bí ẹni mú àlejò wọ pálọ̀.

Láti ọjọ́ kejì oṣù yìí ni mo ti gun bọ́ọ̀sì 197 lọ sí Forest Hill, mo pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Mo ń lọ wò ó lójoojúmọ́. Ẹni tó se ọbẹ̀ ni í tọ́ ọ wò. Láàárọ̀ yìí, yìnyín ti dì láti etí dé etí, kò sí ihò tí abẹ́rẹ́ lè gbà. Mo fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ bí ẹni nu fèrèsé. Wọ́n wà nísàlẹ̀ pátápátá, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n sún mọ́ra, wọn ò mira, bí aṣọ aláràbarà tí ènìyàn ká sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ọ̀kan funfun wà nínú wọn. N kò fẹ́ràn bí ó ṣe ń wò mí.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ wáàsí. Ẹ ó ní kí n fi ìjà fún Ọlọ́run jà. Ṣebí Ọlọ́run náà ni ó rán òtútù wá, èmi kàn ń bá a gbé irinṣẹ́ ni.

Mo ti ra òòlù. Ó di ọ̀la, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Fóònù mi ń dún bí mo ṣe ń kọ èyí. Orúkọ Ilésanmí ni. Ìgbà kẹrin rèé láàárọ̀ yìí. Ó fẹ́ béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ti yí i dojú bolẹ̀ sórí tábìlì, ó ń gbọ̀n níbẹ̀ bí adìyẹ tí òjò pa.

Àmínát ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni n ó fi èyí rán. Nígbà tí ẹ ó bá fi kà á, ó ti parí.

Làtíìfù, ọmọ apẹja

Òkè-Pósù, Ẹpẹ́
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kìíní, 2026

Làtíìfù,

N kò kí ọ. Wo ọwọ́ tó kọ ìwé yìí. Kì í ṣe ọwọ́ mi. Ìwọ àti ẹni tó ni ín jọ buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ kan náà fún ọdún méjìdínlógún, o mọ̀ ọ́n. Èmi ń sọ, Ilésanmí ń kọ. Ó ti pè ọ́ títí, o kò gbé e. Nusaybah náà kò gbé e, ó jọ pé ó wà níbi iṣẹ́. Ohun tí mo ní fóònù kò wà fún ni mo wá fẹ́ fi fóònù ṣe: a ó ya àwòrán ìwé yìí ránṣẹ́ sí Nusaybah, kí ó sáré gbé e wá bá ọ.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù yìí ni ó dé. Mo fún un ní àga. Mo fún un ní omi tútù. Mo ṣí àpò, mo bá awò ọmọdé, pupa rẹ́súrẹ́sú, tí ojú rẹ̀ rí bí àwòrán ọkàn, tí gíláàsì rẹ̀ dúdú débi pé n kò rí ọwọ́ ara mi. O rẹ́rìn-ín nígbà tí o rà á, àbí? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá na lẹ́tà rẹ sí àlejò mi, bí a ti ń ṣe é nílé yìí láti ayé Bàbá wa, pé ẹni tó gbé ìwé wá ni í kà á fún ẹni tí kò ríran. Mo ní, "Bàbá Dámisọ́lá, ẹ bá mi ka ohun tí ọmọ burúkú yìí kọ."

Ó kà á. Nígbà tó dé ibi tí o ti ní "ẹ fún un ní omi tútù", ó wo kọ́ọ̀bù ọwọ́ rẹ̀, ó rọra gbé e kalẹ̀. Mo ní kí ó dúró. Kò dúró. Ó kà á dé òpin, ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó ní, "Alájà, ó ti ń kọ̀wé dáadáa báyìí."

Síbẹ̀, kò ní èmi ni mo kó òun sínú rẹ̀. Ìyẹn ni ó pa mí. Gbọ́ ohun tí mo fi pamọ́ fún ọ.

Ọjọ́ ogójì ọkọ mi ni. A dín àkàrà, ó kún agbọ̀n mẹ́ta. O jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ò ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹja rẹ ti ń gbààwẹ̀ láti oṣù kọkànlá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ apẹja ni mí, n kò gbọ́ ọ rí pé a ń fi ebi pa ẹja tí a kò fẹ́ jẹ. O sì mọ òfin ilé wa: lọ́jọ́ sàárà òkú, ohun gbogbo tó ń mí nínú ìdílé gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, dé orí ewúrẹ́, dé orí adìyẹ. Ẹja Ràfíátù kì í ṣe ará ilé ni? Mo mú fóònù rẹ níbi tí o gbé e sí, mo pe Ilésanmí. Mo ní ìwọ ni o ní kí ó ra àkàrà, kí ó rún un sínú adágún.

Ó ní, "Alájà, ó mà kọ ọ́ sára fíríìjì pé kí n má ṣe é."

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo mọ̀ ọ́n ni, àbí èmi tí mo pọ̀n ọ́n?"

Àkàrà mẹ́fà. Nígbà tí ẹja kú, ó pè mí, ó ń sunkún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má dárúkọ mi. Ó ní opó tuntun kì í ru ẹ̀bi kún ọ̀fọ̀, òun á rù ú. Ó ti ń rù ú láti ìgbà náà, ìwọ sì ń bá a mu tíì.

Bí o bá fẹ́ gbẹ̀san, ibi tí mo wà nìyí.

Kúbúrá

Ìsinsìnyí, èmi Ilésanmí ni mo ń sọ tèmi. Bàbá Nusaybah, kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ Dámisọ́lá ọmọ mi. Mo lè ní kí ó lọ gbà wọ́n là lónìí. N kò ní ṣe é. Ọwọ́ rẹ ni mo fi wọ́n sí, ọwọ́ rẹ ni wọ́n wà. Mo ti sún ìpadàbọ̀ mi di ìparí oṣù kẹta. N kò ní pè ọ́ mọ́, n kò sì ní béèrè. Ẹ̀san tèmi nìyẹn: gbogbo òtútù tó kù lọ́dún yìí, tìrẹ ni. Kẹ́tùlù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lápá òsì.

Òkè-Pósù, Ẹpẹ́
Ọjọ́ Karùndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì, 2026

Làtíìfù,

Ọ̀sẹ̀ méje. Inú oòrùn gangan ni mo jókòó sí, pẹ̀lú awò ẹlẹ́yà rẹ lójú, kí ìtànṣán má baà pa ojú mi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fi tóbi bí ilé. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè mí ní Ìyá Òṣèré.

Ṣé wọ́n kú ni? Nusaybah ní o ti mú òun búra pé òun ò ní sọ. Ilésanmí wá láti Iléṣà lọ́jọ́ Àìkú. Kò béèrè. Ó jókòó, ó wo ọ̀sà, ó lọ. Àwẹ̀ ni a wà yìí, má jẹ́ kí n máa fi èyí ṣínu. Bú mi, ṣùgbọ́n fèsì.

Kúbúrá

Peckham
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹrin, 2026

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Òṣèré,

Mo dọ̀bálẹ̀ ní ìlàjì, nítorí orúnkún, àti nítorí pé inú ṣì ń bí mi díẹ̀. Oṣù mẹ́ta tí n kò fèsì, ìyà yín ni. Mo pín in dáadáa: oṣù kan fún àkàrà méjì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ó ṣe ń rí kí ẹnìkan mọ nǹkan kó sì máa dákẹ́ mọ́ ènìyàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Nusaybah ṣe shift méjì tò léra, kò rí àwòrán ìwé yín títí ọjọ́ kejì. Nígbà tó dé ilé mi, kò bá mi. Mo ti wà ní Forest Hill pẹ̀lú òòlù. Mo lù ú. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Yìnyín náà ké bí ènìyàn, ojú rẹ̀ là bí ìràwọ̀, aṣọ aláràbarà ìsàlẹ̀ yẹn sì fọ́n ká. Mo tún gbé òòlù sókè, ni Nusaybah bá já dé.

"Daddy, wait! Ẹ má lù ú! Please, it was Big Mummy!"

Mo ní, "Kí ló kan ẹ̀gbọ́n mi nínú èyí?"

"The àkàrà, Daddy! Big Mummy ló ni kó put it in!"

Ó ka ìwé yín fún mi lórí ìdúró, pẹ̀lú Yorùbá Lewisham rẹ̀ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ bí ẹni tẹ ẹ̀gún. Nígbà tó dé ibi kẹ́tùlù, lápá òsì, mo ju òòlù sílẹ̀. Mo jókòó sórí koríko tó dì.

Títí di ìrọ̀lẹ́, ìkòkò kan ń bẹ lórí iná, ìkòkò kan ń bẹ lórí yìnyín. Ihò náà kọ́kọ́ tó ẹnu ife, ó tó àwo, ó tó agbada. Òórùn burúkú jáde. A tan ẹ̀rọ padà. Ẹja méje mira. Ìkẹjọ yí ẹ̀gbẹ́. Èyí tó funfun ni. Mo gbé e sínú ọpọ́n ìwẹ̀ Ilésanmí pẹ̀lú omi tútù, mo fi ọjọ́ mẹ́ta bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́. Mo sin ín sí ìdí òdòdó. Mo sì dín àkàrà. Ẹ má pariwo, n kò rún un sínú omi. Inú bọ́ọ̀sì 197 ni mo ti jẹ ẹ́, òórùn rẹ̀ gba òkè gba ìsàlẹ̀, ìyá òyìnbó kan sì tọrọ ọ̀kan.

Ṣé ẹ mọ ohun tó gba méje là? Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀. Omi kì í dì dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹja, ẹsẹ̀ méjì ni ìbá gbẹ́. Bí ọkàn mi ṣe ń gbèrò ibi, ọwọ́ mi ń ṣe iṣẹ́ tí Bàbá kọ́ ọ. Ọwọ́ ara mi ni ó dà mí.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo àárọ̀ tí omi bá dì, èmi nìyẹn nínú bọ́ọ̀sì, tí mo ń gun òkè Forest Hill lọ se omi fún ẹja ọ̀tá. Nínú àwẹ̀ ńkọ́? Mo lọ. Èmi gbààwẹ̀, ẹja gbààwẹ̀, ó wá ku ta ni yóò kọ́kọ́ ṣínu. Ìgbà tí Ìtúnu Àwẹ̀ fi kọjá, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, mo fún wọn ní oúnjẹ àkọ́kọ́. Èyí tó tóbi jù gòkè wá, ó fi ẹnu kan àtàǹpàkò mi. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo máa ń sọ. Kò jáde. Mo ní, "Bàbá yín rìnrìn àjò. Ní tiwọn, wọ́n ń bọ̀ lóòótọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni ó dé. Mo dúró dè é ní ilé rẹ̀. Kò tíì gbé báàgì kalẹ̀ tó fi lọ sí etí adágún. Ó ka ẹja. Ó tún wọn kà.

"Méje," ó ní.

"Méje ni. Òòlù mi pa ọ̀kan."

Mo dúró de èébú. Ó wù mí kí ó bú mi, Ẹ̀gbọ́n mi, kí ara lè fúyẹ́.

"Méje ni mo pa fún ọ," ó ní. "Méje ló kù. Kó wọn lọ sí Peckham. Adágún rẹ ti ṣófo tó."

"Ìkẹjọ ńkọ́?"

"Èlé ni."

Ọkùnrin yìí kò lẹ́kọ̀ọ́! Ọdún kan gbáko ni mo fi tọ́ ẹ̀san, ó fi gbólóhùn kan já a gbà lọ́wọ́ mi. Mo ní n kò gbà, ẹja rẹ̀ ni. Ó ní bí n kò bá kó wọn kí oòrùn tó wọ̀, òun ń lọ sí Rye Lane, òun ń lọ ra àkàrà mẹ́fà. Mo wo ojú rẹ̀, bóyá ó ń ṣeré. Ojú rẹ̀ kò ṣeré. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Mo dì í mú lápá.

A ti fi ọkọ̀ Nusaybah kó wọn wá sílé. Gbogbo Sátidé ni Ilésanmí yóò máa gun 197 sọ̀ kalẹ̀ wá wò wọ́n báyìí, kí orúnkún tirẹ̀ náà mọ òkè yẹn. Ní Sátidé tó kọjá, ó jókòó lórí àga tí Ràfíátù máa ń jókòó sí. N kò lé e.

Ó mú awò yín tó fọ́ bọ̀ láti Ẹpẹ́, ara rẹ̀ ni onímọ̀ ojú ti wo nọ́ńbà gíláàsì tí ojú yín nílò. Èyí tó wà nínú àpò yìí, gidi ni, Àmínát jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹ fi sójú, kí ẹnikẹ́ni má ka ìwé mi fún yín mọ́. Kí ẹ sì fi ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀san ni mo gbà lọ́wọ́ Ilésanmí o, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Làtíìfù